Ẹni Tó Ń Kọjá Láì Kànkùn

Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ. Ní kóòtù àkọ́kọ́, ẹnu Gudveig Myklebost, obìnrin tó ń sin àgùntàn, fúnra rẹ̀ ló gba ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Adájọ́ bi í bóyá ó máa ń sọ fún àwọn ará ilé Ytrebø kó tó da àgùntàn rẹ̀ gba iwájú ilé wọn lọ sí etí omi. Gudveig na ọrùn, ó ní, "Nígbà gbogbo ni. Bàbá mi kì í kọjá láì kànkùn, èmi náà kì í kọjá láì kànkùn. Wọ́n kọ́ wa nílé." Ó rò pé òun ń fi ilé bàbá òun yangàn ni. Nígbà tí ìdájọ́ jáde, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fi dá a lẹ́bi. Adájọ́ ní ẹni tó ń kànkùn ń tọrọ àyè ni, ẹni tó bá sì ń tọrọ àyè ti gbà pé ọ̀nà kì í ṣe tòun. Òfin Norway sọ pé bí ènìyàn bá fi ogún ọdún rin ọ̀nà bí ẹni tó ni ín, tó gbà lọ́kàn rẹ̀ pé tòun ni, tí kò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí i mọ́ ọn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọrọ, àlejò ni, ì báà fi ọgọ́rùn-ún ọdún rìn ín.

Ohun tó wá dunni níbẹ̀ ni pé irọ́ ni Gudveig pa. Òótọ́ ni pé bàbá rẹ̀ máa ń kànkùn. Àmọ́ Gudveig kò kànkùn rí láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá náà, ó sì ti ju ogún ọdún lọ dáadáa. Kì í ṣe pé ó ń gbéra ga. Ní ọdún àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ ṣì wú fún ẹkún, ó jókòó sórí katakata, ó wo ilẹ̀kùn Ytrebø, ó rí i pé òun kò lè fojú kan ẹnikẹ́ni, ó bá kọjá. Nígbà tó di ọdún kejì, ojú ń tì í pé òun kò yà lọ́dún tó kọjá, ó tún kọjá. Ní ọdún kẹta, ìtìjú náà ti di méjì. Báyìí ló ṣe ń gorí ara wọn. Lọ́dọ̀ wa níbí létí omi, ènìyàn lè fi ogún ọdún sá fún ẹni tí kò bá a jà rí, kó sì máa pe ìyẹn ní sùúrù.

Torí náà, nígbà tí adájọ́ bi í níwájú gbogbo ará abúlé tó wá jókòó wòran, kò lè ní òun kì í kí aládùúgbò òun. Ó purọ́ kí wọ́n má baà pè é ní aláìmọ̀wàáhù, irọ́ ọ̀hún sì mú ọ̀nà lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn ló sì dé ibi tí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ wà. Bí òtútù bá ti ń dé, tí àwọn àgùntàn bá sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, ọkọ̀ yẹn ló ń gbé wọn lọ sí erékùṣù tí yìnyín kì í pẹ́ lórí rẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà, kò sí erékùṣù, bí kò bá sì sí erékùṣù, kó máa pọ́n ọ̀bẹ fún àwọn àgùntàn náà nìkan ló kù. Torleiv Ytrebø, tó ni ilẹ̀ náà báyìí, ti fi ṣéènì dínà láàárín òpó méjì. Ó fẹ́ ta ilẹ̀ náà fún àwọn ará ìlú ńlá tó ń kọ́ ilé ìsinmi, àwọn yẹn kò sì fẹ́ rí imí àgùntàn lójú fèrèsé.

Gudveig pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ń jẹ́ Synneva Lid, ọ̀dọ́bìnrin tí Gudveig lè bí lọ́mọ, tó máa ń jẹ ápù bó bá ń ronú.

"Kí ni bàbá yín máa ń sọ lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn?" Synneva bi í.

"Mi ò mọ̀. Orí katakata ni mo máa ń wà. Kì í pẹ́ níbẹ̀."

"Ṣé ó ń tọrọ ni, àbí ó kàn ń kí wọn? Ibẹ̀ lẹjọ́ yìí so sí. Tó bá jẹ́ pé ó kàn ń kí wọn ni, ọ̀nà ti di tiyín kí bàbá tó kú."

"Bàbá ti kú. Ọkọ Ragnfrid tó máa ń dá a lóhùn náà ti kú."

"Ragnfrid fúnra rẹ̀ ò tíì kú."

"Ìyá Torleiv? Ìyá ẹni tí à ń bá ṣẹjọ́?"

"Ìyá Torleiv náà ní etí. Òun ló wà nínú ilé nígbà tí bàbá yín ń kànkùn."

"Ẹ fi ìyá àgbà yẹn sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Àánú yín mà pọ̀ o. Ọmọ rẹ̀ ti fi ṣéènì dínà mọ́ yín, ẹ̀yin ń ro ti ìyá rẹ̀." Synneva bu ápù jẹ. "Ẹ gbọ́. Ní kòtẹ́milọ́rùn, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa tún gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, láti ẹnu ẹni tó mọ̀ ọ́n. Wọn ò ní gba ìwé tí ẹlẹ́rìí kọ, wọ́n fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, kí wọ́n sì máa wo ojú rẹ̀. Àmọ́ a gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé. Bí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, bí áńgẹ́lì bá sọ̀kalẹ̀ wá jẹ́rìí fún wa, wọ́n lè ní kó padà sọ́run. Ṣé nǹkan kan wà tẹ́ ẹ ò tíì sọ fún mi?"

Ibí yìí ló yẹ kó ti sọ ọ́. Ó mọ̀. Ó ti ka ìdájọ́ náà dáadáa, ó rí i pé òótọ́ tí òun fi pamọ́ gan-an ni ì bá gba òun là. Àmọ́ ta ni yóò gbà á gbọ́ nísinsìnyí? Wọ́n á ní ó dúró títí ìdájọ́ fi jáde, ó kà á, ó wá mọ ohun tó yẹ kó sọ, ló bá yí ohùn padà. Wọ́n á pè é ní aláìmọ̀wàáhù, wọ́n á tún pè é ní òpùrọ́, wọn kò sì ní fún un lọ́nà.

"Kò sí," ni Gudveig wí.

Ẹni tó bá purọ́ fún agbẹjọ́rò rẹ̀, aláìsàn tó ń fi orí han dókítà nígbà tó jẹ́ pé inú ló ń run ún ni. Synneva kọ orúkọ Ragnfrid ránṣẹ́ sí kóòtù. Láti ọjọ́ náà ni oorun Gudveig ti ń já.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Adájọ́ mẹ́ta ló jókòó, obìnrin kan tó ní irun funfun ni olórí wọn. Gudveig dìde, ó fi iyì àti ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òótọ́ pọ́ńbélé lòun yóò sọ. Rustad, agbẹjọ́rò Torleiv, ọkùnrin tí ẹ̀wù rẹ̀ kì í ní ẹ̀rún kan lára, rọra dìde.

"Ní kóòtù àkọ́kọ́, ẹ ní ẹ kì í kọjá láì kànkùn. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni lónìí?"

Gudveig wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí.

"Ẹ ṣeun. Mi ò ní ìbéèrè mìíràn," ni Rustad wí, ó sì jókòó bí ẹni tó jẹun yó. Synneva kò wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ Gudveig fún ìgbà pípẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo kóòtù kó lọ sí Ytrebø láti fojú ara wọn wo ọ̀nà náà. Òjò ń fọ́n. Àwọn adájọ́ wọ bàtà òjò, wọ́n rìn láti ibi òpó ṣéènì dé etí omi, wọ́n sì padà. Ẹsẹ̀ Ragnfrid kò jẹ́ kó lè gun àtẹ̀gùn kóòtù mọ́, ìdí nìyí tí wọ́n fi gbà láti gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀ nínú ilé ìdáná rẹ̀. Gbogbo wọn bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wọlé nínú ìbọ̀sẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ adájọ́ kan yọjú síta, ó sì ń gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ kejì bò ó.

Ìyá náà ti to ife. Ó ti gé lefse, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń fi kọfí jẹ, sínú àwo. Àádọ́rùn-ún ọdún ti kọjá lórí rẹ̀, àmọ́ ọwọ́ tó fi ń da kọfí kò gbọ̀n.

"Màmá, ẹ ṣeun," ni olórí àwọn adájọ́ wí, "àmọ́ a ò lè jẹ nǹkan ẹlẹ́rìí títí ẹ̀rí á fi parí."

"Kọfí lásán ni. Mi ò fi nǹkan kan sí i."

"Mo mọ̀, màmá. Òfin ni."

"Òfin náà ò ní àlejò rí nìyẹn." Ó da ti gbogbo wọn sínú ife bó ti wù kó rí. Kọfí wà níwájú wọn, ó ń yọ èéfín, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Olórí àwọn adájọ́ wá gbé ohùn iṣẹ́ wọ̀. "Màmá Ragnfrid, Torleiv tí wọ́n pè lẹ́jọ́ yìí, ọmọ yín ni. Òfin ò fi dandan mú ìyá láti jẹ́rìí nínú ẹjọ́ ọmọ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò fẹ́ sọ̀rọ̀, a máa wọ bàtà wa, a máa lọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní bi yín nídìí rẹ̀."

Torleiv wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ká apá mọ́ àyà. Ó wo ìyá rẹ̀. Gudveig náà ń wò ó, ó sì ń gbàdúrà nínú ara rẹ̀ pé kí ìyá náà dákẹ́. Ó fẹ́ ọ̀nà náà gan-an, síbẹ̀ ó ń gbàdúrà kí ẹlẹ́rìí tòun fúnra rẹ̀ pa ẹnu mọ́.

"Ẹ bi mí," ni Ragnfrid wí. "Tí mo bá dákẹ́, wọ́n á ní Torleiv ló ní kí n dákẹ́."

Synneva ló kọ́kọ́ bi í. Ó ní kí ìyá náà sọ ohun tí bàbá Gudveig máa ń wí lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Á kànkùn lẹ́ẹ̀mejì. Á ní, 'À ń bọ̀ o, ẹ so ajá, ẹ ká aṣọ yín lórí okùn.' Ọkọ mi á ní, 'Ó dáa.' Wọ́n á mu kọfí, á sì lọ."

"Ṣé ó bèèrè rí bóyá òun lè kọjá?"

"Àgùntàn rẹ̀ ti kún ojú ọ̀nà. Kí ló tún fẹ́ bèèrè?"

Adájọ́ tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lu rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkàn Gudveig fúyẹ́ díẹ̀. Synneva dúpẹ́, ó sì jókòó kíákíá, bí ẹni tó mú ẹja tí kò fẹ́ kó bọ́ padà sómi.

Rustad tẹ̀ síwájú. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Màmá, ká ní ọkọ yín sọ lọ́jọ́ kan pé, 'Rárá, má gba ibí kọjá,' ṣé bàbá Gudveig á padà?"

"Ọkọ mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí."

"Tó bá sọ ọ́ ńkọ́?"

Ragnfrid ro ó. Kì í ṣe ẹni tó ń dáhùn nítorí kí ìbéèrè lè tán. "Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni," ó wí. "Bóyá á padà."

Bírò Synneva dúró lórí ìwé. Gudveig náà lóye rẹ̀: ẹni tí wọ́n lè sọ fún pé kó padà, tí yóò sì padà, kò ní ọ̀nà. Ẹ̀rí ìgbà ayé bàbá ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Agbẹjọ́rò tó bá gbọ́n á jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Rustad fẹ́ kan ìṣó kan sí i kí pósí má baà ṣí.

"Lẹ́yìn ikú bàbá," ó wí, "Gudveig náà ń bá àṣà yìí lọ, àbí? Ó ń wá bèèrè lọ́wọ́ yín lọ́dọọdún?"

Ragnfrid yíjú sí Gudveig, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé.

"Màmá?"

"Rárá."

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní rárá. Kò kànkùn rí."

Ojú Rustad tàn bíi ti ológbò tó gbọ́ ìró èkúté. Ó kọjú sí àwọn adájọ́. "Kò kànkùn rí? Àná ni obìnrin yìí fi iyì rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú wa pé òun kì í kọjá láì kànkùn. Ó sọ ọ́ ní kóòtù méjì. Ìwà ọ̀daràn ni kéèyàn purọ́ ní kóòtù. Màmá, ṣé ó dá yín lójú?"

"Èmi kọ́ ni mo pè é ní irọ́. Mo ní kò kànkùn."

"Kò yà rí, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?"

"Kò yà rí."

"Kò pè yín lórí fóònù?"

"Kò pè."

"Kò ránṣẹ́ sí yín, kó ní òun ń bọ̀?"

"Ta ni ó rán? Òun nìkan ló wà nílé."

"Kò juwọ́ sí yín látorí katakata?"

"Kò yíjú."

Ní ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, Rustad á wo àwọn adájọ́ bí ẹni tó ń sọ pé, ṣé ẹ̀ ń gbọ́? Ní ti Gudveig, ó ń wá ibi tí ilẹ̀ yóò ti lanu gbé e mì. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ń bá a. Ó ti bá tirẹ̀ ní ilé ìdáná Ytrebø níbi tó ti ń wo inú ife kọfí tó ti tutù, etí rẹ̀ sì ń jó bí ẹni tó ní ibà.

Torleiv ló kọ́kọ́ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kò kàwé òfin, àmọ́ ó ti ka ìdájọ́ tó ṣe é láǹfààní. Ó tú apá rẹ̀ ká.

"Rustad, ó tó. Jókòó."

"Mi ò tíì parí."

"O ti pa wá tán. Jókòó."

Rustad ya ẹnu, ó sì pa á dé. Gbogbo wọn rí bí àwọ̀ ojú rẹ̀ ṣe ń ṣí. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ fa ẹ̀rí jáde, lẹ́sẹẹsẹ, láti ẹnu ìyá ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un, pé ó ju ogún ọdún lọ tí Gudveig Myklebost ti ń gba ọ̀nà náà láì tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Synneva sì gbé ojú sí òkè àjà bí ẹni tó ń ka pákó ibẹ̀, torí bó bá wo ẹnikẹ́ni, ẹ̀rín á tú u fó.

Olórí àwọn adájọ́ ló bèèrè èyí tó kù. "Màmá, nígbà tó ń kọjá báyìí, kí lẹ̀yin ará ilé rò?"

"Kí la fẹ́ rò? Báyẹn lẹni tó ni ọ̀nà ṣe ń kọjá. Ọkọ mi ní, 'Ọmọ yẹn mọ̀ pé ọ̀nà bàbá òun ni.'"

"Ẹ ò dá a dúró?"

"A ò dá a dúró." Ragnfrid fi ọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ tábìlì. "Àmọ́ lọ́dọọdún, bí mo bá ti gbọ́ agogo ọrùn àgùntàn lórí òkè, mo máa ń gbé kọfí kaná. Mo máa ń gbé ife kan kún tiwa. Ọkọ mi ní kí n yé dààmú ara mi, mi ò yé e. Gudveig, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Ọwọ́ Synneva bọ́ sórí ọrùn ọwọ́ Gudveig lábẹ́ tábìlì, ó sì dì í mú. Kóòtù ṣì ń jókòó. Gbogbo ohun tó bá jáde lẹ́nu nínú ilé ìdáná yìí, ẹ̀rí ni. Bí Gudveig bá wí pé, "Ó yẹ kí n yà wá sọ fún yín," wọ́n lè ní òun náà mọ̀ pé ó yẹ kí òun tọrọ. Ọ̀rọ̀ náà ti gun òkè dé ẹ̀yìn eyín rẹ̀. Ó rí erékùṣù, ó rí àwọn àgùntàn lórí ọkọ̀ tí wọ́n ń tì ara wọn. Ó rí ìyá náà tó ń dúró de ìdáhùn, tí kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Gudveig pa ẹnu mọ́.

"Màmá, ẹlẹ́rìí kì í bi ẹni tó pẹjọ́ ní ìbéèrè," ni olórí àwọn adájọ́ wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ̀rí yín ti parí."

"Mo ti gbọ́," ni Ragnfrid wí.

Wọ́n kó jáde. Ní ẹnu ọ̀nà, bí gbogbo wọn ṣe ń wá bàtà, Synneva sọ̀rọ̀ sí i létí. "Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ fẹ́ pa mí. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi? Ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ fi irọ́ pa ẹjọ́ tó yẹ ká ti jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀." Gudveig ti wọ bàtà kan. Ó dúró títí ọkọ̀ àwọn adájọ́ fi ṣí, ó wá padà wọ ilé ìdáná lọ́nà yẹn, bàtà lẹ́sẹ̀ kan, ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ kejì.

Ragnfrid wà nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń da kọfí nù, ife kan lẹ́yìn ìkejì.

"Màmá Ragnfrid, ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ojú ló ń tì mí. Lọ́dún tí bàbá kú, mi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni, lẹ́yìn ìyẹn..."

"Wọ́n ti ní ẹ̀rí ti parí, ọmọ mi."

"Mo mọ̀. Torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe padà."

"Ìgbà tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni mo bi ọ́." Ìyá náà kò yíjú. "Wọ́n kọ ìbéèrè mi sílẹ̀, wọn ò rí ìdáhùn kọ. Máa lọ. Wàá fi ẹrẹ̀ ba ilẹ̀ mi jẹ́."

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ìdájọ́ dé. Àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fohùn ṣọ̀kan, Torleiv kò sì pe ẹjọ́ náà lọ síwájú mọ́. Àwọn ará abúlé ń bẹ Gudveig ní ilé ìtajà pé kó mú ìwé náà wá kí àwọn kà á, nítorí kò sí ẹni tó rò pé ó lè borí. Ó ní òun ti gbé e pamọ́. Òótọ́ ni, ó wà lábẹ́ àwọn aṣọ tábìlì nínú àpótí. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ojú ewé kẹrin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé, láti ọjọ́ ikú bàbá rẹ̀, ẹni tó pẹjọ́ ti ń gba iwájú ilé náà kọjá lọ́dọọdún láì tọrọ àyè, láì kí ará ilé, láì yíjú. Wọ́n ní ohun tó sọ lẹ́ẹ̀mejì pé òun máa ń kànkùn kì í ṣe òótọ́, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ nìkan ni irọ́ náà pa lára. Wọ́n ní ìwà rẹ̀ sí ilé Ytrebø fi hàn gbangba pé kò ka ẹnikẹ́ni níbẹ̀ sí ẹni tí ó yẹ kí òun bá sọ̀rọ̀, nítorí náà, ọ̀nà ti di tirẹ̀.

Synneva ló kọ́kọ́ pè é lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ tí ìdájọ́ dé, inú rẹ̀ ń dùn, ápù wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ka gbogbo rẹ̀ sí i létí láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"A ti borí o, Gudveig. Kí lẹ wá dákẹ́ sí? Ṣé ohun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣì kọ ni? A lè ní kí wọ́n tún un ṣe."

"Rárá," ni Gudveig wí. "Gbogbo ẹ̀ lòótọ́."